Ẹja Àrọ̀ Nílé Àǹtí Ìbírónkẹ́

Aṣọ tútù ni mo fi ń dí imú ilé lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn kígbe pé àlejò dé.

Orí àpótí ni mo dúró sí, ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́ ibi olè. Nísàlẹ̀ mi, ìkòkò ń hó lórí sítóòfù. Àrọ̀ gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi igi gún láti ẹnu dé ìrù, tí wọ́n ká bí òrùka kí wọ́n tó gbé e sórí èéfín. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti gun Òkè Ìsádi, n kò fi ẹnu kan àrọ̀. Ọjọ́ tí mo wá ní kí n fi kàn án, ọjọ́ náà ni ìjọba rántí mi.

"Túnrayọ̀," ni ilẹ̀kùn wí, "ọ̀gá kan láti Ìgbìmọ̀ Ilé Gbígbé wà níta o. Má jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ nínú oòrùn, kò dáa."

Ohùn Àǹtí Ìbírónkẹ́ nìyẹn. Bí ilẹ̀kùn Òkè ṣe ń ṣe nìyẹn: ohùn ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ló máa ń yá lò, ó sì máa ń yá ìwà rẹ̀ mọ́ ọn. Àǹtí gan-an kò sí nílé, wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ìlà omi láti àárọ̀.

"Ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n?" mo bi ilẹ̀kùn.

"Imú ni. Ó ní nǹkan kan dí òun, òun kò lè mí."

Ẹ wo òmùgọ̀ lórí àpótí. Mo mọ̀ pé torí iná ni wọ́n ṣe kan imú mọ́ òrùlé ilé ìdáná gbogbo. Mo tún mọ̀ pé kò sí ohun tó wọ ìkòkò wa tí imú kì í gbóòórùn rẹ̀, tí kì í sì í ròyìn rẹ̀ fún Ìgbìmọ̀. Mo ní kí n dí i, kó má rí nǹkan kan sọ. N kò rò ó pé ẹni tí a bá fún nímú ló ń kọ́kọ́ pariwo.

"Ní kí wọ́n wọlé," ni mo wí. Kí ni kí n tún sọ?

Ọkùnrin náà wọlé. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, wàláà rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá bí bíbélì alàgbà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ẹni tó fẹ́ jà kì í bọ́ bàtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Láògún lorúkọ mi. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, èéfín pọ̀ níbí." Ó gbójú sókè wo aṣọ tó ń kán omi sí mi lórí. "Ṣé imú yín ń ṣe òtútù ni, tí ẹ fi aṣọ wé e?"

"Ó dọ̀tí ni. Mo ń nù ún."

"Ẹ kú ìmọ́tótó." Ó fi imú tirẹ̀ fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹja nìyẹn, àbí?"

"Ẹja ni."

"Ẹja wo?"

"Ẹja tó ti kú."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí Ìyá Dáre tó ti fi ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé, ó ń wò wá bí ẹni ń wo eré. Òun ló fún mi ní àrọ̀ ọ̀hún. Ẹ̀bùn ìdúpẹ́ ni.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí. Lọ́yà Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń pè mí ní Òkè Ìsádi. N kò tẹ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ òfin kankan rí. Ara ògiri ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ ni mo ti ka Òfin Ilé Gbígbé, níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé òun kò rí i, tí wọ́n sì kọ ọ́ wínníwínní kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kà á, lórí ìnàró. Nígbà tí mo parí rẹ̀, kò sí akọ̀wé kan níbẹ̀ tó tún lè pa irọ́ mọ́ mi. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, orí àtẹ̀gùn kejìlá ni mo máa ń jókòó sí, àwọn tó yá yàrá lọ́wọ́ ẹni tóun náà yá ilé yóò sì pé lé mi lórí.

"Ẹ má gbọ̀n," ni mo máa ń wí fún wọn. "Ẹni tó bá ń fi orúkọ ẹbí bojú nìkan ni wọ́n lè lé jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ yọjú! Ẹ ní ayálégbé ni yín. Òótọ́ ni pé ẹ̀tọ́ yín kò lè ju ti ẹni tó fi ilé yá yín lọ, ẹni tó yá ẹ̀wù wọ̀ kò lè fi í jogún. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta jẹ́ tiyín. Abala àádọ́rin sì wí pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ti fi ara yín hàn, ilẹ̀kùn á kúrò lábẹ́ ẹni tó fi ilé yáni, yóò máa gbọ́ tiyín, kí wọ́n má baà tì yín síta."

Abala àádọ́rin yẹn, bí oyin ló máa ń dùn lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ìyá Dáre náà pàtẹ́wọ́, ó lọ fi ara rẹ̀ hàn, ó gba oṣù mẹ́ta tirẹ̀. Èmi á wá ká aṣọ mi, màá gun àtẹ̀gùn padà lọ sùn nínú ilé tí mo fi irọ́ wọ̀.

Torí pé nínú ìwé ilé Àǹtí Ìbírónkẹ́, ohun tó wà níwájú orúkọ mi ni: *àbúrò, ọmọ bàbá kan náà.*

"Mo ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹtàlá rí," ni Ọ̀gbẹ́ni Láògún wí, bí ẹni pé ó ń gbọ́ èrò mi. Ó fa àpótí mi mọ́ra, ó jókòó lé e. "Mo gbọ́ ẹ̀kọ́ yín. Ẹ mọ òfin ju àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá fúnra mi." Ó tan wàláà. "Ìdílé Ajíbóyè. Èèwọ̀ ìdílé: ẹja àrọ̀. Wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í sè é, kì í wọ ìkòkò wọn. Omi gbé baba ńlá wọn lọ nígbà kan, àrọ̀ ló tì í sí èbúté. Ìyá Ìbírónkẹ́ fúnra wọn ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ sílẹ̀ fún wa."

"Mo mọ ìtàn ìdílé mi."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìtàn. Ẹ̀jẹ̀ ṣeé fi owó rà lọ́wọ́ oníwòsàn, ìwé ṣeé yí. Ìdí tí Ìgbìmọ̀ fi ń bi ìdílé ní èèwọ̀ wọn nìyẹn. Èèyàn lè pa irọ́ fún ọdún mẹ́ta, ọ̀fun rẹ̀ kò lè pa á. Lọ́jọ́ kan ṣá, á jẹ ohun tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń bu omi tútù fún mi. Ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ àrọ̀, tí á fọwọ́ kàn mí lórí tí á ní, "Orí jẹ́ tìẹ, ìrù jẹ́ tèmi."

Ní Ìsàlẹ̀ ni ìyá mi kú sí. Òjò márùn-ún ni ó fi sùn lórí tábìlì torí pé omi ti gba ilẹ̀, omi òkun tó ti jẹ gbogbo etíkun tán tó sì ń wọ́ bọ̀ lọ́dọọdún. Ikọ́ ló pa á. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín ni mo di ẹrù mi, mo gun òkè. Ilẹ̀kùn mọ́kànlá ló lé mi. Ẹnu ọ̀nà kejìlá ni Àǹtí Ìbírónkẹ́ jókòó sí, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Onílé kò gbà kí n fi yàrá yáni," wọ́n ní. "Ẹbí nìkan ló lè bá mi gbé. Màá sọ pé àbúrò mi ni ọ́." Wọ́n sọ òkúta kan nù kúrò nínú ẹ̀wà. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹnu mi sọ ọ́, màá ṣe é o. Ìwọ náà á ṣe é. N kì í pa irọ́ tí n kò lè gbé."

Wọ́n sì ṣe é. Owó yàrá tí mo ń fún wọn lóṣooṣù, ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sínú àpò mi, wọ́n á ní kí n fi ra bàtà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrántí bàbá wọn, àárín àwọn ọmọ olóògbé ni wọ́n fi mí sí, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dì mí ní gèlè. Ibà mú mi, wọ́n sùn sílẹ̀, mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Ẹyọ kan péré.

"Ẹ jẹ́ kí n là á kalẹ̀," ni Láògún wí, "bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ là á fún mi. Bí ẹ bá ní ẹbí ni yín, imú ti gbóòórùn àrọ̀ kí ẹ tó dí i, ó ti jẹ́rìí takò yín. Ẹ tan ìyá jẹ nìyẹn. Ẹ ó jáde kí oòrùn tó wọ̀, ohun kan kò sì ní ṣe ìyá, ìkìlọ̀ lásán ni wọn yóò gbà. Bí ẹ bá ní ayálégbé ni yín, ẹ ó tẹ àtàǹpàkò síbí, oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn yín. Àmọ́ ìyá fi ilé yáni láìjẹ́ pé onílé mọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní."

"Níbo ni wọ́n á lọ?"

"Ẹ mọ ibẹ̀. Ibi tí ẹ ti wá ni."

"Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta! Orúnkún wọn kò gba omi!"

"Èmi kọ́ ni mo se àrọ̀, mà."

Mo fẹ́ bú u. Mo ní èébú tó máa tó òun àti wàláà rẹ̀ jẹ di alẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni kí n bú? Bàtà tó bọ́? Òótọ́ tó sọ? Láti ojú fèrèsé, òjò ti ṣú dúdú lápá òkun, mo sì rí Ìsàlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn òrùlé tó yọrí lójú omi bí ẹ̀yìn ìjàpá. Mo rí tábìlì ìyá mi.

"Lọ́yà!" Ìyá Dáre ló kígbe láti ọ̀hún. Èèyàn mẹ́ta ti wà lẹ́yìn rẹ̀. "Kí lẹ ń rò? Ẹ sọ ohun tí ẹ kọ́ wa! Ẹ fara yín hàn! Àbí ẹ̀ ń bẹ̀rù ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ ọ rí, pé Lọ́yà ń bẹ̀rù?

"N kò bá wọn tan," ni mo wí.

"Wàláà kò gbọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè. Ẹ fi orúkọ sí i."

Mo gbé ohùn sókè. Ohùn tí mo fi ń jà fún gbogbo ayé lórí àtẹ̀gùn náà ni mo lò, n kò ní òmíràn. "Ìbírónkẹ́ Ajíbóyè kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. N kò bá wọn tan níbì kankan. Ayálégbé ni mí."

Mo tẹ àtàǹpàkò. Wàláà gbóná díẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Dáre pàtẹ́wọ́.

"Ó ń lọ sí Ìgbìmọ̀," ni Láògún wí. "Èsì wọn kò ní pẹ́ dé."

Òun la ń retí nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Àǹtí lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́, bí orúnkún wọn ṣe máa ń mú wọn rìn.

"Ta ló ń pàtẹ́wọ́ lójúlé wa? Túnrayọ̀! Ọmọ bàbá mi! Ṣé o bímọ lẹ́yìn mi ni?" Wọ́n bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, wọ́n wọlé, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn kò mí mọ́.

Imú wọn ṣiṣẹ́ ju ti ilé lọ. Wọ́n wo ìkòkò. Wọ́n wo aṣọ tútù. Wọ́n wo ọkùnrin tó jókòó lórí àpótí pẹ̀lú wàláà. Wọ́n wò mí kẹ́yìn, kò pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó da epo nù níwájú àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá," wọ́n ní. "Ẹ ti bá ọbẹ̀ mi lórí iná."

Láògún dìde. "Ọbẹ̀ yín, ìyá?"

"Ta ló tún ni ín? Mo ní kí àbúrò mi bá mi máa wò ó kó má jóná, mo lọ pọnmi. Túnrayọ̀, ṣé o rò ó?"

Láògún na ìka sí ìkòkò.

"Ìyá, àrọ̀ ni o."

"Ṣé mo ní kó o bá mi wò ó bóyá adìẹ ni? Mo mọ ohun tí mo sè."

"Èèwọ̀ yín ni."

"Èèwọ̀ bàbá mi. Bàbá mi ti kú. Èmi àti àbúrò mi yìí ló kù nínú ilé náà, a ti jókòó, a ti sọ ọ́. A ń jẹ ẹ́ báyìí. Ṣé òfin ní ẹbí kò gbọdọ̀ yí èèwọ̀ padà ni?"

Wọ́n ti mú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Wọn kò gbọ́, tàbí wọ́n gbọ́. Wọ́n bu àrọ̀ kan, odidi, pẹ̀lú orí rẹ̀. Omi ọbẹ̀ ta sí wọn láṣọ. Wọ́n ti sọ fún mi rí pé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún méje, omi ọbẹ̀ àrọ̀ kan ṣoṣo ta sí wọn létè nílé aládùúgbò, ètè wọn wú fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá wọn sì sunkún lójú wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bóyá ara ló kọ̀ ọ́, bóyá ẹ̀rù, èmi kò mọ̀. Wọ́n fi í sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́. Mo gbọ́ egungun rẹ̀ tó ń ró láàárín eyín wọn. Omi jáde lójú wọn, wọ́n gbé e mì. Wọ́n bu ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Ìyá, ó tó," ni Láògún wí.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀." Àǹtí fi ìpọnbẹ̀ tọ́ka sí wàláà. "Ìdílé Ajíbóyè ń jẹ àrọ̀. Gbogbo wa. Ẹ má lé ọmọ bàbá mi fún mi."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Dáre ti fà sẹ́yìn kúrò lójú fèrèsé.

Láògún kò wo Àǹtí. Èmi ló ń wò. Ó ń dúró kí n sọ ọ́ fún wọn, ó kà mí sí èèyàn tó lè sọ ọ́.

"Ẹ pa á rẹ́," mo wí fún un. "Àtàǹpàkò yẹn. Mo pa irọ́. Ẹbí mi ni. Ẹ pa á rẹ́!"

"Abala kọkànlélógójì, mà." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àtàǹpàkò ayálégbé kò ní ìpadà. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó fi ilé yáni má baà fipá mú un kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ wọn."

Àǹtí gbé ìpọnbẹ̀ kalẹ̀ sórí ọmọrí ìkòkò, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má dún. "Àtàǹpàkò wo?"

Ìgbà yẹn gan-an ni wàláà dún. Ilẹ̀kùn tì gbà. Ó sì sọ̀rọ̀.

Ohùn mi ló fi sọ ọ́. Ohùn orí àtẹ̀gùn, èyí tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, tí kì í pe ẹnikẹ́ni ní àgbà.

"Ìbírónkẹ́! Ìwọ ni mò ń bá wí. Orúkọ rẹ ti kúrò. Ọjọ́ méje ló kù fún ọ. Má fọwọ́ kan mí mọ́, n kò ní ṣí fún ọ àfi tí Túnrayọ̀ bá ní kí n ṣí."

Ìkòkò ṣì ń hó. Mo pa iná rẹ̀, torí mo ní láti fi ọwọ́ mi ṣe nǹkan kan.

Àǹtí ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni ń wo èèyàn tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀. Ètè wọn ti ń wú. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu epo kúrò ní àgbọ̀n. Wọ́n yí sí mi. Mo retí èébú, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó. Bí wọ́n bá bú mi, bí wọ́n bá gbá mi létí, ẹ̀gbọ́n ṣì ni wọ́n.

Wọ́n tẹ orúnkún tí kò gbọ́ràn yẹn díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe fún onílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," wọ́n ní, "ẹ bá mi sọ fún ilẹ̀kùn yín kó ṣí. Mo fẹ́ jáde lọ bì."

Mo ní kó ṣí.

"Ó dáa, Túnrayọ̀," ni ohùn mi dá mi lóhùn. "Ilé tìẹ ni."